Àwọn Tó La Ọ̀nà Inú XML

Ẹ wo ìlà kóòdù kan ṣoṣo yìí:

/ìwé/ọ̀rọ̀[@irú='ìṣe']/ìtumọ̀

Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí fáìlì, kó wọ inú ìwé, kó ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, kó sì kó ìtumọ̀ wọn wá. A ò sọ fún un pé kó ka ìlà báyìí kó fo ìlà báyìí. Ibi tí nǹkan wà nìkan la sọ, ó sì tó. XPath ni wọ́n ń pe èdè kékeré yìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, nítorí pé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìwé atúmọ̀ èdè ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn, inú fáìlì XML, níbi tí àmì ti ń sọ irú ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́, ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ sábà máa ń rò pé ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta sọ́fítíwià ló ṣe é fún àwọn oníṣòwò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tí ìwé jẹ lógún ló ṣe é: agbẹjọ́rò kan wà nínú wọn, onímọ̀ lítíréṣọ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀dá èdè náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ń bọ́ mi, ó sì wù mí kí ìtàn wọn wà ní èdè Yorùbá.

Ọdún 1969 ni ká ti mú un, ní ilé ìwádìí IBM tó wà ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Charles Goldfarb ti kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò kó tó wọ ìdí kọ̀ǹpútà. Òun, Edward Mosher àti Raymond Lorie ni wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún: báwo ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ṣe lè kó ìwé ẹjọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè wá ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde? Láyé ìgbà yẹn, àmì tí wọ́n ń há sáàárín ọ̀rọ̀ kò ju pé kó sọ bí ìwé yóò ṣe rí lójú lọ: fi àyè sílẹ̀ níbí, kọ èyí gàdàgbà, sún ìlà yìí wọlé díẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ní rárá, kí àmì máa sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́. Èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé. Bí yóò ṣe rí lójú, ẹ̀rọ ni yóò mójú tó ìyẹn tó bá yá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìdílé wọn ni wọ́n fi sọ èdè náà ní GML. Nígbà tó di 1986, ó ti di SGML, ISO sì fi nọ́ńbà 8879 sí i gẹ́gẹ́ bí òfin tí gbogbo ayé lè tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ yẹn ló bí gbogbo ohun tó kù. Nígbà tí àmì bá ti ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́, nǹkan á máa wà nínú nǹkan: ìpínrọ̀ wà nínú orí, orí wà nínú ìwé. Ìwé ti ní ìdí, ó sì ti ní ẹ̀ka. Bí ó bá sì ti ní ẹ̀ka, a lè júwe ọ̀nà dé ẹ̀ka tí a bá fẹ́. Ọdún 1990 ni Steven DeRose, David Durand, Elli Mylonas àti Allen Renear kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n fi béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ inú ìwé jẹ́ gan-an. Ìdáhùn wọn ni pé nǹkan tó wà nínú nǹkan ni, tí ipò wọn sì ní ètò, tí ẹni àkọ́kọ́ kò lè di ẹni ìkẹyìn. Àwọn kan ti bá wọn jiyàn láti ìgbà náà, nítorí pé ewì àti eré orí ìtàgé kì í fi gbogbo ìgbà gbà kí a tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ DeRose sọ́kàn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1987, àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi kọ̀ǹpútà ka ìwé péjọ sí Vassar College ní Poughkeepsie, ní ìpínlẹ̀ New York. Ohun tó dùn wọ́n ni pé olúkúlùkù ló ń fi àmì tirẹ̀ sínú fáìlì. Ẹni tó tẹ ewì Látìn sínú kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan kò lè fún ẹlòmíràn lò, nítorí pé àmì ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún ń lò. Ìpàdé yẹn ló bí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Text Encoding Initiative, TEI. Àwọn olóòtú ìwé ìlànà wọn ni Michael Sperberg-McQueen ní Chicago, onímọ̀ lítíréṣọ̀ Jámánì àtijọ́, àti Lou Burnard ní Oxford. Ìwé ìlànà tí wọ́n pè ní P3, tó jáde ní 1994, nípọn gan-an, inú rẹ̀ sì ni mo ti rí baba XPath.

Ìṣòro tí wọ́n ń yanjú níbẹ̀ nìyí. Ká ní ọ̀mọ̀wé kan fẹ́ kọ àlàyé sí ìlà kan nínú fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò láṣẹ láti fọwọ́ kan fáìlì náà, kò sì lè lọ fi orúkọ sí ìlà yẹn kó bàa lè rí i pè. Òde ló máa dúró sí láti tọ́ka sí i. TEI wá ṣe ọ̀nà ìtọ́kasí kan tó lọ báyìí: CHILD (3 DIV1) (4 DIV2). Ìyẹn ni pé, lọ sọ́dọ̀ DIV1 (ìpín ńlá) kẹta tó jẹ́ ọmọ ibi tí a wà, kí o wá lọ sọ́dọ̀ DIV2 (ìpín kékeré) kẹrin tó jẹ́ ọmọ ìyẹn. Kò tán síbẹ̀. ANCESTOR wà níbẹ̀, DESCENDANT wà níbẹ̀, PRECEDING àti FOLLOWING náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ XPath lónìí yóò dá àwọn orúkọ yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko kí XPath tó jáde ni wọ́n ti wà nínú ìwé tí àwọn onílítíréṣọ̀ kọ fún ara wọn.

DeRose náà kò jókòó sí yunifásítì nìkan. Iṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ jẹ́ nínú gbólóhùn ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Brown University, ó sì wà lára àwọn tó dá Electronic Book Technologies sílẹ̀ ní Providence ní 1989. Sọ́fítíwià wọn, DynaText, ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ka ìwé ìlànà ẹ̀rọ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ kò lè máa fi ojú wá nǹkan nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Inso ló ra Electronic Book Technologies ní 1996, ìdí nìyẹn tí orúkọ Inso fi wà lára ìwé XPath títí dòní.

Ọ̀rọ̀ XML fúnra rẹ̀ kò ní gba àyè púpọ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí pé àwọn mìíràn ti sọ ọ́. Jon Bosak ti Sun Microsystems ló kó àwọn tó ṣe é jọ lábẹ́ W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù, wọ́n gé SGML kúrú kó lè rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì di ìlànà ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 1998. Tim Bray, Jean Paoli àti Sperberg-McQueen, ọkùnrin TEI yẹn kan náà, ni olóòtú. James Clark, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ tẹ̀dó sí Bangkok, ló darí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú rẹ̀, òun náà ló sì dá orúkọ XML. Ohun kan wà tí wọ́n ṣe tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: wọ́n ní Unicode ni gbogbo lẹ́tà inú XML yóò jẹ́, títí kan orúkọ táàgì, ìyẹn àmì tó ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ sínú táàgì pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wọn pérépéré, tí kò sì sí ẹ̀rọ tó máa kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn sọ́fítíwià tí a ń lò fún nǹkan mìíràn kò tilẹ̀ lè fi ṣ hàn, àmì ìbéèrè ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀.

Lẹ́yìn 1998 ni ọ̀nà wá di méjì. Àwọn kan ń ṣe XSL, èyí tí wọ́n fẹ́ máa fi sọ bí XML yóò ṣe rí lójú tàbí bí a ṣe lè yí i padà di nǹkan mìíràn. Wọ́n nílò ọ̀nà láti sọ pé òfin báyìí kan táàgì báyìí tó wà nínú táàgì báyìí. Àwọn mìíràn, DeRose wà nínú wọn, ń ṣe XPointer, tí wọ́n fẹ́ fi tọ́ka sí inú ìwé XML ẹlòmíràn láti òde. Ọ̀dọ̀ TEI ni XPointer ti mú ti ẹ̀, ó kún fún ọ̀rọ̀ gígùn. Àwọn ti XSL mú àmì slash tí àwọn tó ń lo Unix ti fi ń ya fódà sọ́tọ̀ láti nǹkan bí 1970, tí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ń lò. Tiwọn kúrú, ó sì rọrùn láti kà, àmọ́ kò lè rìn jìnnà bíi ti àwọn TEI.

Àwọn oníṣẹ́ détábéèsì náà dé. Ní oṣù kẹsàn-án 1998, Jonathan Robie, Joe Lapp àti David Schach gbé XQL kalẹ̀. Wọ́n mú slash ti XSL, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú kó lè di èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ XML bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ détábéèsì. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, W3C pe ìpàdé sí Boston lórí ọ̀rọ̀ èdè ìbéèrè, gbogbo wọn sì pàdé níbẹ̀: àwọn tó ka XML sí ìwé, àti àwọn tó kà á sí àpótí dátà. Ìjà tó wà láàárín wọn kò tíì parí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ojú ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ní ìwé Bíbélì nílẹ̀ fi ń wo XML, ojú ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ní ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́.

Ó yà mí lẹ́nu pé W3C rí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kíákíá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí XSL ní ọ̀nà tirẹ̀, kí XPointer tún ní tirẹ̀, kí ẹni tó ń kọ kóòdù máa kọ́ méjèèjì. Wọ́n yọ ohun tó pa wọ́n pọ̀ kúrò lára wọn, wọ́n sọ ọ́ di ìwé ọ̀tọ̀. Àkọ́kọ́ jáde ní oṣù keje 1999. Ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún kan náà, XPath 1.0 di ìlànà, olóòtú rẹ̀ sì ni James Clark àti Steve DeRose. Ẹ rí i pé ọwọ́ méjèèjì ló wà níbẹ̀: Clark gbé slash wá láti ọ̀dọ̀ XSL, DeRose gbé ọ̀rọ̀ ìdílé wá láti ọ̀dọ̀ TEI. XSLT 1.0, apá XSL tó ń yí XML padà, jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìdílé ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ìdílé náà ni àwọn tó ṣe é fi ṣàlàyé. Ìhà 13 ni ènìyàn lè kọjú sí láti ibi tó bá dúró. child ni àwọn ọmọ, parent ni òbí, descendant ni ọmọ àti ọmọ ọmọ títí dé ìsàlẹ̀, ancestor ni òbí, baba àgbà àti baba ńlá títí dé ìdí igi. preceding-sibling ni àwọn ẹ̀gbọ́n, following-sibling ni àwọn àbúrò. Ẹni tí mo bá ti sọ ọ́ báyìí fún kì í béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ 27 péré ni XPath 1.0 ní lọ́wọ́, bíi count tó ń ka iye, contains tó ń wò bóyá ọ̀rọ̀ kan wà nínú òmíràn, àti sum tó ń ro nọ́ńbà pọ̀. Oríṣi ìdáhùn mẹ́rin péré ló lè fún ni: àkójọ nóòdù (ìyẹn àwọn ẹ̀ka inú ìwé), bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà, àti ọ̀rọ̀. Ènìyàn lè ka ìwé ìlànà rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan kó sì yé e. Mi ò mọ èdè kọ̀ǹpútà púpọ̀ tí mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Kókó kan wà tí àwọn olóòtú náà fúnra wọn kìlọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìlànà, mo sì fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó gbọ́ XPath yàtọ̀ sí ẹni tó há a sórí. Nínú ìwé atúmọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní ìtumọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí mo bá kọ

//ìtumọ̀[1]

ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò retí ìtumọ̀ kan ṣoṣo, èyí àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìwé. Kì í ṣe ohun tó ń bọ̀ nìyẹn. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò kó wá, bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún ìtumọ̀ ni. Ìdí ni pé slash méjì jẹ́ ìkékúrú fún /descendant-or-self::node()/, nọ́ńbà 1 inú àkámọ́ sì ń ka ọmọ lábẹ́ òbí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kan ṣoṣo, (//ìtumọ̀)[1] ni kó kọ. Fún iṣẹ́ ìwé atúmọ̀, èyí àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni mò ń fẹ́: lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ṣe ìwé kékeré fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa kó, ìlà kan ló sì ń ṣe é.

Kí XPath tó jáde ni Microsoft ti gbé XML sínú Internet Explorer 5, ní oṣù kẹta 1999. Wọn ò lè dúró. Ọ̀nà XSL àtijọ́, tó fara jọ XQL, ni wọ́n fi sínú rẹ̀, tí àwọn tó ń kọ kóòdù sì ń pè pẹ̀lú selectNodes àti selectSingleNode. Nínú ti àtijọ́ yẹn, òdo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nínú XPath, ení ni. Gbólóhùn kan náà wá ń mú nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí MSXML 3.0, ẹ̀rọ XML ti Microsoft, dé, ẹni tó bá fẹ́ XPath tòótọ́ ní láti kọ́kọ́ sọ fún un nínú kóòdù pé XPath ni kó máa gbọ́, àfi ìgbà tí MSXML 4.0 dé ló tó gbà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ méjèèjì yẹn, SelectNodes àti SelectSingleNode, wà nínú .NET títí dòní. Ní ti Java, XPath kò wọ inú èdè náà fúnra rẹ̀ àfi ní Java 5, ní 2004. Kó tó dìgbà náà, Xalan àti Jaxen ni wọ́n ń lò.

Ní tèmi, ọ̀dọ̀ Daniel Veillard ni ọpẹ́ mi ń lọ. Òun ló kọ libxml2 fún iṣẹ́ GNOME, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orí rẹ̀ ni Martijn Faassen kọ́ lxml lé fún àwọn tó ń lo Python, Stefan Behnel sì ti ń bójú tó o láti ọdún pípẹ́. Kọ̀ǹpútà àgbélétan olówó pọ́ọ́kú tí mo ní kò jẹ́ kí n ra sọ́fítíwià ńlá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣèdíwọ́ fún mi rí láti lo lxml.

Fáìlì tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni ti Wikipedia èdè Yorùbá, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní XML lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan wà nínú táàgì page, àkọlé rẹ̀ wà nínú title. Gbogbo wọn ló máa kọ́kọ́ kọ //page/title. Òfo ni yóò fún wọn. Kò ní bínú, kò ní sọ pé àṣìṣe wà. Àkójọ òfìfo ni yóò gbé sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá wo òkè fáìlì náà, wọ́n á rí xmlns tó ní http://www.mediawiki.org/xml/export-0.10/ nínú, tàbí nọ́ńbà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí fáìlì bá jẹ́ tuntun. Namespace ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ìdílé tí táàgì ti wá. Nínú XPath 1.0, orúkọ tí kò bá ní àmì ìdílé níwájú, táàgì tí kò ní ìdílé rárá ló ń wá. Ènìyàn ní láti fún ìdílé náà ní orúkọ tirẹ̀ nínú kóòdù, kó wá kọ ọ́ báyìí:

tree.xpath('//w:page/w:title', namespaces={'w': 'http://www.mediawiki.org/xml/export-0.10/'})

Mo gbà pé ìpinnu yìí le jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí àwọn olóòtú yẹn ṣe, èyí nìkan ni mi ò fara mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti pa XPath tì lórí òfo kan ṣoṣo yẹn, wọ́n padà sídìí kí wọ́n máa fi regex (bátánì lẹ́tà) já ọ̀rọ̀ gbà nínú XML, ìyẹn sì burú jù lọ.

Àléébù mìíràn wà tó jẹ́ ti àwọn tó kọ ẹ̀rọ, kì í ṣe ti èdè náà. Ní 2002, Georg Gottlob, Christoph Koch àti Reinhard Pichler mú fáìlì kékeré kan tí kò ju a kan pẹ̀lú b méjì nínú rẹ̀ lọ. Wọ́n béèrè //a/b, wọ́n wá ń so /parent::a/b mọ́ ìdí rẹ̀ léraléra: lọ sọ́dọ̀ ọmọ, padà sọ́dọ̀ òbí, tún lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá so ọ̀kan sí i, ìlọ́po méjì ni àkókò tí àwọn ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ nígbà náà ń lò, nítorí pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láì rántí pé àwọn ti ṣe é. Gbólóhùn tí kò gùn ju ìlà kan lọ lè dá kọ̀ǹpútà dúró gbọn-in. Àwọn mẹ́ta náà wá fi hàn pé ọ̀nà wà tí kì í gbóná bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn détábéèsì gba ìjókòó iwájú. Don Chamberlin, ọ̀kan nínú àwọn tó dá SQL sílẹ̀, bá Robie àti Daniela Florescu gbé Quilt kalẹ̀ ní 2000, ibẹ̀ ni èdè ìbéèrè XQuery ti wá. XPath 2.0 àti XQuery 1.0 jáde lọ́jọ́ kan náà, 23 oṣù kìn-ín-ní 2007, lẹ́yìn ọdún méje tí àwọn ènìyàn ti ń retí wọn. XPath 2.0 lágbára gan-an, Michael Kay ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi Saxon sọ ọ́ di ohun tó ṣeé lò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ọ̀sán kan mọ́. Àwọn tó ń ṣe búráúsà wò ó, wọ́n fi sílẹ̀; 1.0 ló wà nínú Firefox àti Chrome di òní, òun náà ló wà nínú libxml2. XPath 3.1 ti jáde láti 2017, síbẹ̀ èyí tí Clark àti DeRose fọwọ́ sí ní 1999 ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń lò. Ó sì dùn mí pé XPointer, tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni ìdajì XPath ṣe wà, kò rí ara rẹ̀ parí. Apá rẹ̀ tó yẹ kó lo XPath kò di ìlànà rí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn XPath 2.0 fún tọkàntọkàn: iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní normalize-unicode. Ẹni tí kì í kọ èdè bíi tiwa lè má mọ ohun tó wà fún. Ọ olóhùn ìsàlẹ̀ kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ẹnì kan lè tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ tó ti ní àmì abẹ́, kó wá fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn á tẹ o lásán, á fi àmì abẹ́ sí i, á tún fi àmì ohùn sí i. Lójú, wọn ò yàtọ̀. Bí a bá sì fi string-length, iṣẹ́ tó ń ka iye lẹ́tà, wọn «ọ̀rọ̀», ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 5, ti ìkejì á jẹ́ 7. XPath 1.0 ń fi wọ́n wéra ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ pé ọ̀rọ̀ kan kọ́ ni wọ́n. Inú fáìlì tí àwọn ènìyàn mẹ́rin bá tẹ̀ lórí ẹ̀rọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ lè pòórá lójú ẹni tó ń wá a. Gbogbo fáìlì tó bá wọ ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ń mú wá sí ìrísí kan ṣoṣo kí n tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, XPath 1.0 náà tó mi. Àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ kì í tẹ àmì ohùn; orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Iṣẹ́ translate, tí ìwé ìlànà sọ pé a lè fi sọ lẹ́tà kékeré di ńlá, ni mo ń lò fún wọn nínú XSLT:

translate(., 'àáèéìíòóùú̀́', 'aaeeiioouu')

Lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́ á pààrọ̀ sí èyí tó bá wọn mu. Àmì ohùn méjì tó dá dúró ní ìparí kò ní ẹnìkejì lápá ọ̀tún, òfin translate sì ni pé èyí tí kò bá ní ẹnìkejì, kó yọ ọ́ dànù. Àmì abẹ́ dúró síbẹ̀, ohùn lọ. Ẹni tó bá tẹ «ọkọ» á rí ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, á rí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, á rí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, á rí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, á wá mú èyí tó ń fẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ fún mi pé XML ti kọjá lọ, JSON, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń to dátà, layé kù sí. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2007, Stefan Gössner rí i pé ẹni tó ń lo JSON náà nílò ọ̀nà láti júwe ibi tí nǹkan wà, ó sì wo XPath kó tó ṣe JSONPath. Oṣù kejì 2024 ni ìyẹn tó di ìlànà, RFC 9535. Àwọn tó ń fi Selenium dán ojú òpó wò náà ṣì ń kọ XPath láti wá bọ́tìnì tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo mọ̀. Àmọ́ JSONPath ń sọ̀ kalẹ̀ ni, kò lè gòkè. Kò ní òbí, kò ní baba ńlá, kò sì mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Fún ẹni tó ń ta ọjà, ó lè máà ṣe nǹkan kan. Fún ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀, gígòkè ni ìdajì iṣẹ́. Mo máa ń rí gbólóhùn àpẹẹrẹ tí ọ̀rọ̀ «adìyẹ» wà nínú rẹ̀, tí mo sì fẹ́ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a lò ó fún láti ṣàlàyé. Láti inú àpẹẹrẹ yẹn, mo ní láti gba inú ìtumọ̀ kọjá sókè dé orí ọ̀rọ̀ tó ni ín, bí DeRose àti àwọn ará TEI ṣe fẹ́ kó ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé níwájú:

//àpẹẹrẹ[contains(., 'adìyẹ')]/ancestor::ọ̀rọ̀/@orí